Máàpù Tísà Zuurakan

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́, jọ́gíráfì ni mo mọ̀ kéré jù. Ní Tash-Moyun, abúlé wa ní agbègbè Naryn, lórí àwọn òkè Éṣíà, márùn-ún ni máàkì tó ga jù, méjì sì ni ti ẹni tó féèlì. Méjì ni Tísà Zuurakan fún mi láti ọjọ́ tí mo ti wọ kíláàsì rẹ̀ títí mo fi jáde. Nígbà kan ó ní kí n dárúkọ odò tó ń sàn lẹ́yìn ilé bàbá mi. Mo ní mi ò mọ̀. Inú odò yẹn ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó lórúkọ. "Odò" la máa ń pè é.

Ẹ wá wò ó, jọ́gíráfì yẹn náà ni mo wá ń jẹ báyìí. Mo ra bọ́ọ̀sì Jámánì kan tó ti lo ìgbà díẹ̀, òun ni mo fi ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ sí adágún Son-Köl, lókè pátápátá, níbi tí àwọn èèyàn wa ń da ẹṣin àti àgùntàn lọ lásìkò ooru. Èmi a máa wakọ̀, afinimọ̀nà a máa sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ẹnu àwọn èrò ọkọ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń ráhùn ju bí wọ́n ṣe ń kíni lọ.

Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún kan, ẹṣin ju Aychurok, afinimọ̀nà wa, sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Obìnrin tó ń ṣètò ìrìn-àjò fún wa láti Bishkek, olú ìlú wa, pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní èèyàn mẹ́jọ ti jẹun tán ní ìlú Kochkor, wọ́n ti di ẹrù, wọ́n ń dúró, kí n wá ẹnì kan kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lè dárúkọ àwọn òkè. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ orúkọ àwọn òkè ní abúlé wa, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti ń yẹra fún ojúlé rẹ̀.

Mo bá a nínú ọgbà, ó ń ro oko ọ̀dùnkún. Ó ti pé àádọ́rin ọdún, ó sì ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì gún bíi ti sójà. Mo ṣàlàyé ohun tó gbé mi wá. Kò gbójú sókè títí mo fi parí.

"Kubat, ọmọ Asanbay," ó ní, "ṣé jọ́gíráfì lo wá ń fi jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

Ó ní kí n mú ìwé tí wọ́n máa ń kà fún àwọn àlejò wá kí òun rí i. Ojú ìwé méjì ni, Bishkek ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó mú bírò pupa jáde látinú àpò ẹ̀wù tó fi ń roko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Níbi tí wọ́n kọ pé ọkàn Éṣíà ni Son-Köl, ó fagi lé e. Níbi tí wọ́n ní ẹsẹ̀ èèyàn kò tíì tẹ ibẹ̀ rí, ó bi mí pé àwọn bàbá ńlá wa tí wọ́n ń da ẹran lọ síbẹ̀, ṣé orí ni wọ́n fi ń rìn. Níbi tí wọ́n ní adágún náà kò nísàlẹ̀, ó wò mí bíi pé èmi ni mo kọ ọ́. Nígbà tó máa fi kà á dé ìparí, ìwé náà ti pupa ju funfun lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé àsìkò ń lọ.

"Odò ẹ̀yìn ilé bàbá ẹ ńkọ́?" ó ní.

"Ak-Suu ni, mà."

"Ibo ló ń sàn lọ?"

Mo rò ó títí. Mo ní ìsàlẹ̀ ló ń sàn lọ. Ó mú ọ̀dùnkún kan tó ti jẹrà sọ nù, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ múra. Bó ṣe ń gun bọ́ọ̀sì ló sọ pé òun fún mi ní mẹ́ta.

Àwọn àlejò wa nìyí: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì láti àríwá Japan, tọkọtaya kan láti ilẹ̀ Túúkì, ọ̀dọ́kùnrin méjì láti Malaysia, bàbá tínrín kan tó ń jẹ́ Raghavan, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Íńdíà kó tó fẹ̀yìn tì, àti obìnrin ńlá kan tó ń jẹ́ Bibisanem, tó dá wá láti Nukus ní Uzbekistan. Eyín wúrà mẹ́rin ló wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kì í sábà jẹ́ kí wọ́n hàn. Nọ́ọ̀sì ni, òun náà ti fẹ̀yìn tì. Òun àti Tísà lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní èdè Rọ́ṣíà. Fún àwọn yòókù, èmi ni mo ń túmọ̀.

Mo rò pé Tísà á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ òkè. Kò wo òkè kankan. Ó yíjú sí wọn, ó bi oníkálukú pé ìlú wo ló ti wá, kì í ṣe orílẹ̀-èdè o, ìlú gan-an. Bí èèyàn bá ti dárúkọ ìlú rẹ̀, á dijú díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ibẹ̀ fún un. Ó sọ fún àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn pé yìnyín tó ń léfòó wá sí etíkun wọn lọ́wọ́ òtútù, omi odò Amur tó ń sàn bọ̀ láti òdìkejì òkun wà lára ohun tó ń jẹ́ kó dì. Àwọn méjèèjì fọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ fún àwọn ará Túúkì pé orí òkè ìlú wọn ni odò Yúfírétì ti ń kó omi jọ, ọkọ sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀ pé ohun tí òun ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Nígbà tó kan Ọ̀gbẹ́ni Raghavan, ó ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ ni ìlú rẹ̀, òkun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀, èèyàn lè dúró sójú kan kó rí i kí oòrùn yọ látinú omi láàárọ̀, kó sì tún wọ inú omi nírọ̀lẹ́.

Bàbá náà bi mí pé nígbà wo ni màmá yìí wá sílùú àwọn. Mo ní kò tíì dé Bishkek ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ láyé rẹ̀. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo túmọ̀ ìyẹn fún Tísà, inú rẹ̀ sì dùn dé àyè kan tó fi bu kurut, wàrà gbígbẹ oníyọ̀ tó máa ń wà lápò rẹ̀, ó pín in yí ká ọkọ̀. Àwọn ọmọ Malaysia fi tiwọn sẹ́nu, wọ́n wojú ara wọn, wọ́n sì ń lá a lọ tìyà-tìyà nítorí ọ̀wọ̀ àgbà.

Bibisanem ní tiẹ̀ kò sọ ju pé Nukus lòun ti wá. Tísà sọ̀rọ̀ òwú àti odò Amu Darya fún un. Ó mi orí, ó wojú fèrèsé.

Nǹkan bí aago kan ọ̀sán la sún mọ́ ibi tí ọ̀nà ti gba orí òkè kọjá, yìnyín sì ti dí i pa. Ní oṣù kẹfà. Ọkùnrin tó ń wa katakata níbẹ̀ sọ pé kò ní ṣí títí ọ̀sán ọ̀la. Fóònù kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ń ronú ibi tí mo máa kó èèyàn mẹ́jọ sí, ni Tísà bá ní ṣé mi ò mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ti gba ọlidé ni. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun, nítorí pé òun ṣì ni òun ń bomi rin àwọn òdòdó ojú fèrèsé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe padà sí Tash-Moyun. Kò pẹ́ tí gbogbo abúlé fi gbọ́. Àwọn obìnrin gbé ẹní onírun wá, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n gbé tíì wá, búrẹ́dì, jáàmù, òrí wàrà àti ẹran àgùntàn díndín nínú ìkòkò tí ẹni méjì gbé. Ìyàwó mi mú boorsok wá, àkàrà onífúláwà tí à ń dín, ọkọ ará Túúkì yẹn sì jókòó tì í, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé àwọn àlejò máa ráhùn, nítorí ìwé wọn sọ pé ẹ̀bá adágún ni wọ́n máa sùn. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Ara ògiri ni gbogbo wọn ń wò.

Máàpù Éṣíà ni. Aṣọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn méjì lọ. Orí itan ni Tísà gbé e sí láti Frunze, nígbà tí Bishkek ṣì ń jẹ́ Frunze, lọ́dún kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abẹ́ máàpù yẹn ni mo ti gba gbogbo méjì mi. Ó ní kí oníkálukú wá fọwọ́ kan ilé rẹ̀. Wọ́n tò bí ọmọ iléèwé. Àwọn ará Japan ní láti na ọwọ́ dáadáa, Ọ̀gbẹ́ni Raghavan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan tirẹ̀. Ẹ̀rín wà nínú ilé.

Bibisanem ló wá kẹ́yìn. Kò fọwọ́ kan Nukus. Ó gbé ìka rẹ̀ gba òkè lọ, ó sì gbé e lé àwọ̀ búlúù ńlá kan.

"Ọkọ̀ ojú omi bàbá mi ń bẹ níbí," ó ní.

"Aral," ni Tísà dáhùn lójú ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. "Adágún kẹrin tó tóbi jù láyé."

"Níbo, ẹ̀gbọ́n mi?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Àmọ́ mo rí i tí ojú Tísà yí padà, mo sì dákẹ́ títúmọ̀.

Bibisanem jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, ó sì sọ tirẹ̀ fún wa. Moynaq ni wọ́n bí i sí, etí omi gan-an, apẹja ni bàbá rẹ̀. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu ọkọ̀. Wọ́n darí àwọn odò tó ń sàn wọ inú Aral sí oko òwú, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Nígbà tó ń sún mọ́ ogún ọdún, wọ́n ní láti rìn kí wọ́n tó kan omi. Nígbà tó yá, wọ́n ní láti wọ ọkọ̀ ẹrù. Nígbà tó tún yá, bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò lọ mọ́. Báyìí, iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, àwọn ọkọ̀ náà sì dúró lórí iyanrìn.

"Bọ́ọ̀sì máa ń kó àwọn àlejò wá síbẹ̀," ó ní, "bó ṣe kó àwa náà wá síbí. Wọ́n á gun orí ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi, wọ́n á ya fọ́tò. Mi ò bá wọn jà. Ó kàn wù mí kémi náà lọ wo nǹkan ẹlòmíì."

Tísà dúró síbi tó wà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, èmi ló kọjú sí, kì í ṣe Bibisanem.

"Mo mọ̀," ó ní. "Rédíò ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tuntun. Síbẹ̀, adágún kẹrin ni mò ń kọ́ yín títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìwọ Kubat, mo fún ẹ ní méjì lórí ẹ̀."

Mo ní kò sóhun tó burú, mà, ẹ jẹ́ a gbàgbé ẹ̀. Ó ní òun ò ní gbàgbé ẹ̀. Ó ní òun kò rí òkun rí láyé òun. Òkè ló yí wa ká níhìn-ín. Àwọn ibi búlúù ara máàpù yẹn lòun máa ń wò bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, kò sì wu òun kí ìkankan kúrò níbẹ̀.

Ó yọ bírò pupa rẹ̀, ó nà án sí Bibisanem. Bibisanem kọ́kọ́ kọ̀, ó ní máàpù ìjọba ni. Tísà ní ìjọba tó ni ín kò sí mọ́. Ìyẹn pa Bibisanem lẹ́rìn-ín, a sì rí eyín wúrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dìde, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìwọ̀ oòrùn, ó fa kékeré kan sí àríwá, ó ní ibi tí omi ṣì kù nìyẹn. Tísà mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kun ìyókù títí ó fi funfun. Ó kù díẹ̀ kó kun ti àríwá mọ́ ọn, ni Bibisanem bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rọra, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ará Kazakh ti mọ odi sí tibẹ̀. Omi ti ń padà, ẹja náà ti ń padà. Ẹ má gbẹ gbogbo ẹ̀ fún wa."

Tísà fi etí gèlè rẹ̀ nu ibi tó ti ṣì kùn. Wọ́n kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Raghavan bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo túmọ̀ gbogbo ẹ̀ fún un láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú ẹ̀, èyí tí mi ò kì í sábà ṣe. Ó ní kí n sọ fún àwọn ìyá méjèèjì pé ilé òun kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin sí òkun, yàrá kan ṣófo níbẹ̀ látìgbà tí ọmọ òun obìnrin ti lọ sílé ọkọ, kí wọ́n máa bọ̀. Mo sọ fún wọn. Àmọ́ mo fi kún un ní èdè wa pé bí àwọn àlejò ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, kí Tísà ṣáà dúpẹ́. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ọ̀nà ṣí lọ́jọ́ kejì. A dé Son-Köl, koríko tutù yọ̀yọ̀, omi náà dúró jẹ́ẹ́ láàárín àwọn òkè. A mu kymyz, wàrà ẹṣin kíkan, àwọn ọmọ Malaysia sì fẹ́ràn rẹ̀ ju kurut lọ. Bibisanem bọ́ bàtà, ó ká yẹ̀rì sókè, ó rìn wọ inú omi títí ó fi dé orúnkún, ó sì dúró síbẹ̀. Tísà ń pariwo létí omi pé yìnyín ló yọ́ di omi yẹn, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á kú. Bibisanem ní kó jẹ́ kó kú.

Láti ìgbà náà, obìnrin Bishkek yẹn kò gbà kí ẹlòmíì yàtọ̀ sí Tísà tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì mi. Àwọn àlejò tó bá ti lọ máa ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ pé kí wọ́n béèrè ìyá kan tó máa sọ ìlú wọn fún wọn. Aychurok, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, lọ sí apá Issyk-Kul, adágún ńlá mìíràn, ó ní òun kò lè bá Tísà du iṣẹ́. Kò bínú, ìyàwó olùtọ́jú ẹṣin kan ni lọ́hùn-ún báyìí.

Lẹ́yìn ìgbà ooru méjì, lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì, Tísà ní kí n gbé òun lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Bishkek. Bibisanem ti dé síbẹ̀ ṣáájú wa, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀. Lẹ́tà ni òun àti Tísà pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Raghavan ti ń kọ síra wọn, ọmọ ọmọ Tísà ló ń túmọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ bí Íńdíà ṣe jìnnà tó. Tísà wò mí.

Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá kó tó pè mí. Ariwo afẹ́fẹ́ pọ̀ lórí fóònù. Ó ní Bibisanem kò tíì dé etí omi ní tiẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó ẹja sílẹ̀ ló ti dúró. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù, ó lóṣòó ti àwọn obìnrin ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀, láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn rárá, síbẹ̀ àwọn obìnrin náà ti ń bá a jiyàn.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Tísà?" mo bi í.

Ó ní òun wọ inú omi tòun ti bàtà. Ó ní ìgbì kan ṣoṣo ló dé, ó gbé òun ṣánlẹ̀, omi wọ imú, omi wọ ẹnu, ọkùnrin méjì tí òun kò mọ̀ rí ló gbé òun dìde. Ẹ̀rín ló ń rín tó fi ń sọ ọ́, mi ò sì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohun tó kọ́kọ́ bi Ọ̀gbẹ́ni Raghavan nígbà tó dìde ni pé èwo nínú òkun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé òun ṣubú. Bàbá náà ní kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí kò sí ààlà nínú omi. Tísà ní ìyẹn kò ṣeé ṣe, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀. Látìgbà náà ló ti ń bi àwọn apẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin Raghavan, tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, tó wá láti ilé ọkọ rẹ̀, ló ń túmọ̀ fún un, àwọn apẹja náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tó padà dé, ìròyìn tó mú bọ̀ pọ̀. Ìkùukùu bo oòrùn lọ́jọ́ mẹ́ta, èrò pọ̀ jù, wọ́n ń ta ìkarahun tí wọ́n kùn lọ́dà fún èèyàn bíi pé òkun kò ní tiẹ̀. Ó sì ní òun á tún lọ.

Bibisanem kò dúró pẹ́ ní Nukus mọ́. Bí yìnyín bá ti yọ́ lórí òkè, á gba abúlé wa wá, á gbé lọ́dọ̀ Tísà títí di oṣù kẹsàn-án. Iwájú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń jókòó sí, àwọn méjèèjì, wọ́n á máa jiyàn bóyá wàrà ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ inú ife àbí tíì, títí a ó fi dé orí òkè. Àwọn àlejò tó wà lẹ́yìn á máa bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo máa ń ní ọ̀rọ̀ jọ́gíráfì ni.